Ẹni Tó Ní Kí A Lọ Kà Á

Ní Dassa-Zoumè, ìlú àwọn Ìdáìṣà láàárín òkè ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ọ̀nà ọlọ́dà tó gòkè wá láti Kútọnú pín sí méjì: apá kan gba Ṣábẹ̀ lọ sí Parakou, apá kejì gba Savalou lọ sí Djougou. Ojú irin Kútọnú sí Parakou náà gba ìlú yìí kọjá. Ohun tó bá ń rìn lórí ilẹ̀ yẹn, bó pẹ́ bó yá, yóò dé oríta yìí: fíìmù Yorùbá tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn àti Èkó, eré tẹlifíṣọ̀n tó ti Abidjan wá, orin Fọ̀n, orin Màhì, orin Faransé, orin ìjọ Àgùdà, wáàsí tí àwọn Mùsùlùmí gbà sínú káàdì fóònù. Rédíò àdúgbò wà níbẹ̀ pẹ̀lú, Radio Ilema ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ń gbé irú ibẹ̀ kò wá orin tì, kò sì wá ohun tí yóò wò tì. Ohun tó ṣòro fún un ni láti mọ ẹni tí yóò gbà gbọ́ nígbà tí ẹni náà bá ní, "Èyí ni kí o gbọ́, fi ìyẹn sílẹ̀." Ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ fàájì lọ. Bí ènìyàn bá dárúkọ ìwé, àwo orin tàbí eré tí ó fẹ́ràn jù fún ẹlòmíràn, tí ó ní kí ó lọ wá a rí, kí ni ó ń ṣe gan-an? Ṣé ìròyìn ara rẹ̀ ló ń ṣe ni, àbí ẹ̀rí ló ń jẹ́ nípa ohun kan tó wà lóòótọ́, bí òun alára kò bá tilẹ̀ sí láyé mọ́? Èmi gbà pé ẹ̀rí ni. Mo sì gbà pé ẹ̀rí yìí ní òfin bí ẹ̀rí yòókù: ó lè jẹ́ òótọ́, ó lè jẹ́ irọ́, ẹni tó bá sì jẹ́ ẹ ti fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún un.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ìka ò dọ́gba, pé ohun tó wu ará Kútọnú lè má wu ará Ìdáìṣà, pé ọ̀rọ̀ adùn kò ní adájọ́. Immanuel Kant, onímọ̀ ará Jámánì, yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1790, ó sì ya ohun méjì sọ́tọ̀ tí a sábà máa ń lù pọ̀. Ohun kan lè dùn mọ́ mi. Èyí kò kan ẹnikẹ́ni, n kò sì retí kí ẹlòmíràn gbà pẹ̀lú mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní ohun kan rẹwà, mo ti kọjá ọ̀rọ̀ ara mi: mò ń retí pé kí gbogbo ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó gbà pẹ̀lú mi, bí n kò tilẹ̀ ní òfin tí mo lè tọ́ka sí láti fi mú wọn. Ẹ wo ìwà tiwa náà. Bí ẹnìkan bá ní òun kì í jẹ ilá, a óò wá ẹ̀fọ́ fún un, ọ̀rọ̀ parí. Bí ó bá ní òun ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ, pé òun kò rí nǹkankan nínú rẹ̀, a kì í jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. A óò bi í bóyá ó kà á tán, bóyá ó ka ọ̀rọ̀ sókè kí etí rẹ̀ gbọ́ ọ, bóyá kì í ṣe pé wọ́n fi ẹgba kọ́ ọ ní iléèwé ló jẹ́ kí ó kórìíra rẹ̀. Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kò ní nítumọ̀ rárá bí kò bá sí ohunkóhun nínú ìwé náà tí ènìyàn lè rí, tàbí tí ó lè kùnà láti rí. Ẹni tó ń sọ pé adùn kò ní adájọ́ yóò bá ọ jiyàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú lórí olórin tí ó fẹ́ràn. Iyàn tí ó ń jà ti já ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ní irọ́.

David Hume, ará Scotland, ti sọ̀rọ̀ ṣáájú Kant nínú àròkọ kan tó tẹ̀ jáde ní 1757, ó sì béèrè ohun tí Kant kò fi bẹ́ẹ̀ bìkítà fún: ẹ̀rí ta ni ó tó gbà? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ẹni tí òye rẹ̀ múná ni, tí ojú rẹ̀ kì í fo ohun kékeré, tó ti pẹ́ nídìí ọnà náà, tó ti fi èyí wé èyí, tí kò sì jẹ́ kí ojúsàájú darí òun. Hume kò sọ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ó gbà pẹ̀lú pé ọjọ́ orí àti ìwà tí a bí mọ́ni yóò máa fa ìyàtọ̀, pé akéwì tí ọmọ ogún ọdún ń lé kiri lè máà jẹ́ òǹkọ̀wé tí ẹni àádọ́ta ọdún yóò jókòó tì. Àwọn tó ní adùn kò ní adájọ́ máa ń di apá ìkẹyìn yìí mú, wọn a sì dákẹ́ nípa ti àkọ́kọ́. Kò sí kóòtù kan láyé tó ń tú ẹjọ́ ká nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí méjì kò dọ́gba. Ohun tí adájọ́ ń ṣe ni pé ó ń bi wọ́n ní ìbéèrè sí i.

Ẹlòmíràn yóò ní kí a kúkú tẹ̀lé ibi tí èrò pọ̀ sí, pé ohun tí ẹgbẹ̀rún ènìyàn bá fẹ́ràn kò lè burú. Àwọn olùwádìí mẹ́ta kan, Matthew Salganik, Peter Dodds àti Duncan Watts, ti dán èyí wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní 2006. Wọ́n kó orin 48 tí àwọn ẹgbẹ́ olórin tí kò lórúkọ kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó lé ní 14,000 sì wá gbọ́ wọn. Wọ́n fi àwọn kan sílẹ̀ kí wọ́n yan orin láìmọ ohun tí ẹlòmíràn yàn. Àwọn yòókù pín sí agbo mẹ́jọ, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń rí iye ìgbà tí àwọn ará agbo tirẹ̀ ti gba orin kọ̀ọ̀kan. Níbi tí wọ́n ti ń rí iye yìí, orin tó ti lókìkí ń lókìkí sí i, èyí tí kò tíì rí ojúrere ń rì lọ sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó lókìkí nínú agbo kan kì í ṣe èyí tó lókìkí nínú agbo kejì. Orin tó dára gan-an kì í sábà ṣubú tán, èyí tó burú gan-an kì í sábà gòkè. Gbogbo èyí tó wà láàárín, àkọsẹ̀bá ló ń gbé wọn. Ohun tí mo rí nínú iṣẹ́ yìí ni pé èrò tó pọ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó pọ̀. Bí ẹgbẹ̀rún ènìyàn bá gbọ́ orin kan nítorí pé àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́ gbọ́ ọ, ẹ̀rí àwọn mẹ́wàá yẹn náà la ní lọ́wọ́, ìyókù ń tún un sọ ni.

Àwọn ẹlẹ́sìn ti mọ èyí tipẹ́, kò sì yà mí lẹ́nu, nítorí pé ẹ̀rí ni ẹ̀sìn ń gbé. Àwọn onímọ̀ Hádíìsì nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù kì í gba ọ̀rọ̀ kan gbọ́ kìkì nítorí pé ó gbajúmọ̀. Wọ́n ń béèrè ẹni tó sọ ọ́, ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, ẹni tí onítọ̀hún tún sọ ọ́ fún, títí yóò fi dé orísun, wọ́n sì ń yẹ ìwà àti ìrántí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn wò. Bí ó bá hàn pé méjì nínú wọn kò lè bá ara wọn pàdé láyé wọn, ìdè ibẹ̀ já. Bí ọ̀kẹ́ ènìyàn bá sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo, ẹnì kan náà ni wọ́n ṣì gbára lé. Lọ́wọ́ kejì, àwọn Kristẹni kan yóò tọ́ka sí Augustine, ọmọ Áfíríkà tí wọ́n bí ní Thagaste, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Algeria lónìí. Nínú ọgbà kan ní Milan ní 386, ó gbọ́ ohùn ọmọdé tí kò rí, tó ń ní kí ènìyàn gbé ìwé kí ó kà á. Ó ṣí lẹ́tà Pọ́ọ̀lù, ayé rẹ̀ sì yí padà. Wọ́n ní ẹ ò rí i pé ẹni tó ní kí a kàwé kò já mọ́ nǹkan, ìwé ló ń ṣiṣẹ́? Ṣùgbọ́n ẹ ka ojú ìwé tó ṣáájú ìyẹn. Ponticianus, ọmọ Áfíríkà bíi tirẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní ààfin ọba, ti kọ́kọ́ wá bá a nílé, ó sì ti sọ ìtàn Antony, àdáwà ilẹ̀ Íjíbítì, fún un, àti bí ìwé tí wọ́n kọ nípa Antony ṣe mú àwọn òṣìṣẹ́ ọba méjì kan fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Trier. Ohùn inú ọgbà bá ọkàn tí ẹlẹ́rìí tó ní orúkọ ti tú sílẹ̀ ni. Àwọn òrìṣà pàápàá kì í dá rìn. Ìtàn tí olùwádìí Pierre Verger gbà sílẹ̀ ní agbègbè yìí sọ pé láti ilẹ̀ Ìdáìṣà ni Sakpata, ẹni tí àwa ń pè ní Ṣọ̀pọ̀ná, ti dé Àbọ̀mẹ̀. Ẹnu ènìyàn ló gbé e lọ.

Ifá ni mo fẹ́ kí a dúró tì pẹ́, nítorí pé òun ló dáhùn àtakò tó ń dun ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ jù: pé ẹni tó ń sọ ohun tí ó yẹ kí n kà fún mi ń fẹ́ gba orí mi lò ni. William Bascom, tó ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ tí ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1969, ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Ẹni tó wá dá Ifá kì í sábà sọ ohun tó ń dùn ún fún babaláwo; owó ni ó ń sọ ọ́ sí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Odù yóò jáde, ọ̀kan nínú 256, ẹsẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì pọ̀. Babaláwo yóò máa ki èyí tí ó mọ̀, ẹsẹ kan tẹ̀ lé òmíràn, títí oníbéèrè fúnra rẹ̀ yóò fi gbọ́ èyí tó bá ọ̀ràn rẹ̀ mu. Ẹ fi ọkàn bá a lọ. Babaláwo kò dá ẹsẹ kankan sílẹ̀ lórí ìjókòó, ọdún púpọ̀ ló fi kọ́ ọ. Kò díbọ́n pé òun mọ inú oníbéèrè, ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ jẹ́ kí ó mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ kò sọ pé gbogbo ẹsẹ ló dọ́gba fún gbogbo ènìyàn. Ó tẹ́ ohun tí ó mọ̀ dájú sílẹ̀, ó sì fi yíyàn sílẹ̀ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ tiwa bá ti Ifá mu délẹ̀délẹ̀, nítorí pé kì í ṣe ohun tí babaláwo fẹ́ràn ni ó ń kì, Odù tó yọ lójú ọpọ́n ló ń darí rẹ̀. Àwa ni ìfẹ́ ń darí. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ṣètò agbára láàárín ẹni tó mọ̀ àti ẹni tó ń wá ni mo fẹ́ kí a mú lò. Ẹni tó mọ ìwé ní ẹrù kan láti gbé, ìyẹn ni kí ó ti kà á dáadáa kí ó tó la ẹnu. Ẹni tó ń wá ìwé ní ẹ̀tọ́ kan tí a kò gbọ́dọ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ni láti ní, "Kì í ṣe tèmi, ki òmíràn."

Ẹ̀rọ ńkọ́? Ní 2006, ilé iṣẹ́ Netflix kéde mílíọ̀nù kan dọ́là fún ẹni tó bá lè mú kí ẹ̀rọ wọn sọ ohun tí oníbàárà yóò fẹ́ràn ní ọ̀nà tó fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún pé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n kó máàkì tó lé ní 100 mílíọ̀nù tí àwọn òǹwòran ti fún fíìmù kalẹ̀ fún àwọn olùdíje, ẹgbẹ́ kan sì gba owó náà ní 2009. Iṣẹ́ ńlá ni, n kò bù ú kù. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń díje lé lórí? Ìràwọ̀ mélòó ni ìwọ yóò fún fíìmù yìí? Ìbéèrè náà kàn ọ́, kò kan fíìmù. Ẹ̀rọ kò wo fíìmù kankan. Ohun tí ó mọ̀ ni pé àwọn tó fẹ́ràn ohun tí o fẹ́ràn lánàá tún fẹ́ràn èyí. Ó lè pé, ó sì máa ń pé lọ́pọ̀ ìgbà, bí oníṣọ́ọ̀bù tó mọ irú aṣọ tí oníbàárà rẹ̀ máa ń rà. Síbẹ̀, ó ń sọ ohun tí n óò fẹ́ràn gẹ́gẹ́ bí mo ṣe wà ni. Bí Augustine bá ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní Milan, ìwé àsọ̀rọ̀dùn tí ó ti ń kà láti ọdún pípẹ́ ni ì bá tún máa gbé fún un. Ẹlẹ́rìí gidi máa ń sọ nígbà mìíràn pé, "Èyí kò ní kọ́kọ́ wù ọ́, ṣùgbọ́n dúró tì í." Ẹ̀rọ tí wọ́n dá sílẹ̀ kí ó má bàa kùnà láti wu ènìyàn kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Nǹkan kejì tún wà tó kan àwọn ará òkè Ìdáìṣà gan-an. Irú ẹ̀rọ yìí ń kọ́gbọ́n lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn tó ń gbọ́ ohun kan náà. Níbi tí àwọn olùgbọ́ orin kan bá kéré, kò ní ohun tí yóò fi kọ́gbọ́n. Orin tí wọ́n fi èdè Ìdáìṣà kọ lè dára bí ohun tó dára jù láyé, ẹ̀rọ kò ní gbé e fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò tíì gbé e fún ẹ̀rọ. Ẹnu ènìyàn nìkan ló kù.

Nítorí ìyẹn ni àtakò àwọn tó fẹ́ràn ilé fi wúwo ju gbogbo ìyókù lọ. Wọ́n ní èdè tí kò ní ìwé púpọ̀ kò gbọdọ̀ máa wá àléébù ọmọ tirẹ̀. Pé ẹni tó ń ṣètò orin ní Ìdáìṣà gbọ́dọ̀ yin orin Ìdáìṣà, ó dára o, kò dára o, torí bí òun kò bá yìn ín, ta ni yóò yìn ín? Ọ̀rọ̀ náà ń ti inú ìfẹ́ wá, mo sì mọ ìtìjú tí ó ń sá fún. Ṣùgbọ́n ìyìn tí a fi àánú ṣe kì í pẹ́ tú. Ọ̀dọ́ tó ti gbọ́ orin mẹ́ta tí kò dára nítorí pé àgbà kan ní kó gbọ́ ọ, kò ní gba ẹ̀kẹrin lọ́wọ́ àgbà náà mọ́, ì báà ṣe ẹ̀kẹrin yẹn ni ojúlówó. Bẹ́ẹ̀ ni àṣà tí wọ́n sọ pé àwọn ń dáàbò bò kò mọ irú ìyìn bẹ́ẹ̀ rí. Ọlábíyìí Yáì, ọmọ Ṣábẹ̀ tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Yorùbá, tó sì ṣe alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ UNESCO láti 2007 sí 2009, tẹnu mọ́ ọn nínú iṣẹ́ rẹ̀ pé ojú oríkì ló yẹ kí a fi wo iṣẹ́ ọnà Yorùbá. Karin Barber sì fi hàn nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1991, lórí oríkì tó gbọ́ ní Òkukù, pé oríkì kì í ṣe ìyìn lásán: ohun tí ẹni náà ṣe tí kò dára, ohun tó kù díẹ̀ káàtó lára rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni ẹni tó ń ki oríkì ń kó jọ. Oríkì tó fi àléébù sílẹ̀ kò tíì mọ ẹni tí ó ń kì.

Bí mo ṣe rò pé ó yẹ kí a máa jẹ́rìí nìyẹn. Bí mo bá ní kí ẹnìkan ka ìwé Fágúnwà tí mo dárúkọ lókè, tó jáde ní 1938, n óò sọ fún un pé nítorí gbólóhùn rẹ̀ ni: gbólóhùn tó ń sáré láti orí ẹ̀rù dé orí ẹ̀rín láìmí, tí n kò tíì rí ẹni tó ṣe irú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà. N óò sọ pẹ̀lú pé Fágúnwà kì í lè mú ẹnu kúrò nínú ìwàásù, àti pé àwọn obìnrin inú ìwé náà kò rí àyè tó. Bí mo bá ní kí ó gbọ́ Ayé, àwo tí Angélique Kidjo gbé jáde ní 1994, nítorí ohùn ni, ohùn tó mú Fọ̀n àti Yorùbá lọ síbi tí àwọn tó ń ta orin kò rò pé wọ́n lè dé; ṣùgbọ́n ìlù ẹ̀rọ tí àwọn aṣàgbéjáde kó sínú rẹ̀ ti gbó, ohùn olórin kò sì gbó. Mo fi Ṣaworoidẹ kún un, fíìmù tí Túndé Kèlání ṣe ní 1999 láti inú ìtàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, nítorí pé kò sí ohun tí mo mọ̀ tó sọ ọ̀rọ̀ májẹ̀mú láàárín ọba àti ìlú yé ènìyàn tó bẹ́ẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé àwọn aṣebi inú rẹ̀ burú débi pé òǹwòran kì í rí ojú ara rẹ̀ lára wọn. Ma Famille, eré tẹlifíṣọ̀n tí Akissi Delta bẹ̀rẹ̀ ní Côte d'Ivoire ní 2002, kò dé ipò àwọn mẹ́ta yìí, n kò sì ní purọ́ pé ó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń pa àwọn ará Áfíríkà tó ń sọ Faransé lẹ́rìn-ín nínú ilé wọn, ibẹ̀ ni kó kọ́kọ́ yà sí. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tí ẹlòmíràn kò lè lọ yẹ̀ wò kí ó padà wá sọ fún mi pé irọ́ ni mo pa. Ibẹ̀ gan-an ni agbára wọn wà. Ẹni tó kàn to orúkọ ìwé mẹ́wàá sílẹ̀ pé òun fẹ́ràn wọn kò tíì sọ ohunkóhun tí a lè fi mú un.

Wọ́n tún ń sọ pé ìgbéraga ni, pé ẹni tó ń ka orúkọ ohun tó fẹ́ràn ń fi ara rẹ̀ hàn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan. Ohun tí a ó fi mọ̀ wọ́n ni pé wọn kì í béèrè ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Àtakò tó gba ìdáhùn gidi ni ti àwọn olùfọkànsìn. Láti 1954 ni àwọn Àgùdà ti ń rin ìrìn àjò mímọ́ wá sí ihò àpáta Arigbo ní Dassa-Zoumè, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Louis Parisot dá sílẹ̀ fún ìyá Jésù, ọ̀pọ̀ èrò sì ń gun ibẹ̀ lọ́dọọdún ní oṣù Kẹjọ. Ẹni tó wá gbàdúrà lè béèrè ohun tó kan òun nípa fíìmù àti àwo orin. Ó lè ní ayé kún fún ariwo tó, kí ni a tún ń fi kún un fún? N kò fojú kéré ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tó dùn ló ń ṣe ọkàn lóore. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìjọ Àgùdà náà: láti 1559 títí di 1966 ni wọ́n fi ní àkójọ ìwé tí ọmọ ìjọ kò gbọdọ̀ kà. Irínwó ọdún ó lé! Póòpù Paul Kẹfà ló jẹ́ kí agbára rẹ̀ dópin. Kíkọ orúkọ ìwé tí a kò fẹ́ kò gba ìfẹ́, ìbẹ̀rù tó o. Àwọn míṣọ́nnárì CMS (Church Missionary Society) tó tẹ Ògbójú Ọdẹ jáde fún Fágúnwà ní 1938 ṣe ohun tó le ju ìyẹn lọ: wọ́n gbé ìwé tó kún fún iwin àti ọ̀rọ̀ igbó lé ọmọ iléèwé lọ́wọ́, wọ́n ní kí ó kà á. Ẹ̀sìn tó bá ń sọ ohun tí a kò gbọ́dọ̀ gbọ́ nìkan, tí kò sì ní ẹnìkan tó lè sọ ohun tó yẹ ká gbọ́, ti fi ọmọ rẹ̀ lé ẹ̀rọ lọ́wọ́.

Ó ku ohun kan tí àwa tó ń kọ̀wé láti ìhà Nàìjíríà sábà máa ń gbàgbé. Ọmọ Ìdáìṣà tí mo ní kó ka Fágúnwà, Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ ní iléèwé. Bí ó bá sì kọ́ láti ka Yorùbá ní Bẹ̀nẹ̀, álífábẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ kò rí bíi ti Ìbàdàn: ɛ àti ɔ ni wọ́n ń kọ níbi tí àwa ti ń fi àmì sísàlẹ̀, kp ni wọ́n ń kọ níbi tí àwa ti ń kọ p. Yóò gbọ́ Ṣaworoidẹ láti ẹnu àwọn òṣèré, yóò sì lóye púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìwé náà lè dúró níwájú rẹ̀ bí ògiri. Ẹ̀rí tí kò ro ọ̀nà tí ẹni tó gbọ́ ọ yóò gbà dé ibẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí àbọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìwé yẹn dénú yóò kà á sókè fún un, tàbí kó kà á lórí rédíò ní alaalẹ́, kí etí gbà á kí ojú tó gbà á.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin tó ń ṣètò orin lórí rédíò ní àwọn òkè wọ̀nyí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin tó ń to orin sínú káàdì fún àwọn ọmọ lọ́jà: bí ẹ bá ti gbé ohun kan fún ẹnìkan, ẹ sọ orúkọ yín, ẹ sọ ìdí rẹ̀, ẹ sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó mọ ibi tí yóò ti rí yín bí kò bá gbà pẹ̀lú yín.